Ọmọ Tí Kì Í Ṣe Ọmọ Olóólà

Ní agboolé olóólà, ẹnikẹ́ni kì í pe ọmọ jókòó pé wá kí n kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ baba lọmọ ń wà. Bí wọ́n bá gbé ìkókó dé láàárọ̀ kùtù pé kí baba bá àwọn kọ ọ́ nílà, ọmọ ni yóò lọ gbé omi ìgbín wá, ọmọ ni yóò di ẹsẹ̀ ìkókó mú, ojú rẹ̀ yóò sì máa bá ọwọ́ baba lọ. Kó tó di ọjọ́ tí wọn yóò fi abẹ lé e lọ́wọ́, ó ti lè fi etí lásán mọ ẹkún ìrora yàtọ̀ sí ẹkún ebi. Ọmọ ilé kejì ńkọ́? Igbe nìkan ló ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri.

Agboolé yìí ló sọ sí mi lọ́kàn nírọ̀lẹ́ Sátidé kan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọbìnrin tó wà ní ọdún kẹrin nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, wá kí mi. Wọ́n ti mú iná lọ. Ó fi fóònù ti agolo mílíìkì lórí tábìlì ìdáná, ó ki páwà báǹkì bọ̀ ọ́ nídìí, ó tẹ́tí. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ló ń sọ̀rọ̀ lójú fóònù náà. Kò wọ kóòtù funfun rárá. Búbà ló wọ̀, ó jókòó sí pálọ̀ ara rẹ̀, adìyẹ sì ń ké lẹ́yìnkùlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní igba ló ń gbọ́ ọ láti ìlú oríṣiríṣi. Mo bi í pé kí lèyí.

“Wẹ́bínà ni, Àǹtí mi. Wọ́n ń sọ bí èèyàn ṣe ń di oníṣẹ́ abẹ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbọ́ ibi tí wọ́n dé yìí ná.”

Awakọ̀ ni bàbá ọmọ yìí. Ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́. Láti òkè délẹ̀ nínú ẹbí wa, òun ni yóò kọ́kọ́ ṣe dókítà, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Àwọn ọmọ dókítà tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ti mọ̀ láti kékeré pé ẹni tó ń la orí yàtọ̀ sí ẹni tó ń la ikùn, pé ẹni tó ń to egungun yàtọ̀ sí ẹni tó ń tọ́jú ọ̀nà ìtọ̀, pé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú eyín lẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ẹnu àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń gbà wọlé. Wọ́n ti gbọ́ ọ nídìí oúnjẹ alẹ́. Ọmọ tiwa rò títí ó fi wọ ọdún kẹta pé dókítà kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Mi ò tíì rí ohun tó jọ agboolé olóólà tó èyí.

Tíátà ni gbogbo wa ń pe yàrá iṣẹ́ abẹ, orúkọ kan náà tí a ń pe ibi tí Hubert Ògúńdé ti ń ṣeré. Àwọn Òyìnbó tó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ kò ṣì í sọ. Ní Padua, nílẹ̀ Ítálì, wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn kan lọ́dún 1594 tí wọ́n ti ń la òkú fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò. Ní London, ilé ìwòsàn St Thomas’ ṣí ti tiwọn lọ́dún 1822, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní: ẹni tó bá débẹ̀ á rí pèpéle igi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró lé, tí wọ́n ń fún ara wọn mọ́ra, tí wọ́n ń na ọrùn wo aláìsàn tí wọ́n dì mú lórí tábìlì. Oògùn akunilóorun kò tíì dé nígbà náà. Ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1846 ni wọ́n fi éétà kun aláìsàn lóorun níwájú èrò ìworan ní Boston. Kòkòrò àìfojúrí ló wá lé èrò náà jáde. Lẹ́yìn tí Joseph Lister kọ̀wé lọ́dún 1867 nípa oògùn tó fi ń pa kòkòrò lójú egbò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yé àwọn oníṣẹ́ abẹ pé bí èrò bá ṣe pọ̀ nínú yàrá tó, bẹ́ẹ̀ ni ewu ṣe pọ̀ tó.

Bó ṣe di pé a ti ilẹ̀kùn nìyẹn. Ó dáa fún aláìsàn, kò dáa fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá á tò sẹ́yìn ọ̀gá ní tíátà, ẹ̀yìn ọ̀gá nìkan ni wọ́n á rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tóun kọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tóun wọlé ni bí wọ́n ṣe ń so okùn gáwùn. Lọ́dún 2014, dókítà kan ní Royal London Hospital, Shafi Ahmed, fi awò Google Glass tó ní kámẹ́rà sójú, ó yọ àrùn jẹjẹrẹ kúrò lára aláìsàn kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti dókítà tó lé ní 13,000 sì ń wò ó láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 100. Wọ́n ti kọ́ pèpéle igi London padà, lọ́tẹ̀ yìí láìsí kòkòrò.

Àmọ́ iṣẹ́ abẹ wíwò kọ́ ni wẹ́bínà tí mò ń sọ yìí dá lé. Ẹni tó bá fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń yọ àpẹ́ńdíìsì, YouTube kún fún un, ọ̀fẹ́ sì ni. Ohun tí kò sí lórí YouTube ni oníṣẹ́ abẹ tó mọ ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń tọ̀, tó jókòó, tó ń dáhùn ìbéèrè.

Ọjọ́ sì ti pẹ́ tí a ti nílò kí ọmọ wa púpọ̀ sí i di oníṣẹ́ abẹ. Lọ́dún 2015, ìgbìmọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ kéde pé bílíọ̀nù 5 èèyàn láyé ni iṣẹ́ abẹ tó péye tí apá wọn sì ká kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó wọn, àti pé iṣẹ́ abẹ mílíọ̀nù 143 ló yẹ ká fi kún èyí tí à ń ṣe lọ́dọọdún. Wọ́n ní ó kéré tán, kí èèyàn 20 wà fún èèyàn 100,000 nínú àwọn oníṣẹ́ abẹ, àwọn tó ń kunni lóorun àti àwọn dókítà aboyún. Ìjọba Nàìjíríà náà ṣe ètò tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọdún 2019 sí 2023. Ẹni tó bá ti gbé aboyún tí ọmọ há sí lára láti abúlé lọ sí ìlú ńlá lóru kò nílò kí ìgbìmọ̀ kankan ka èyí fún un. Ẹni tí ọ̀kadà gbá, tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta, tí wọ́n ní kó dúró de dókítà egungun di ọjọ́ Mọ́ńdè, òun náà mọ̀ ọ́n.

Kòrónà ló jẹ́ kí wẹ́bínà di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kúrò ní wọ́ọ̀dù, nílẹ̀ Amẹ́ríkà àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bákan náà. Tiwa tún ní ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, lórí: ti ọdún 2020, àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022 tí kò sì parí títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Àwọn ọmọ jókòó sílé. Àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ràn iṣẹ́ abẹ, irú InciSioN tó ní ẹ̀ka ní Nàìjíríà, ti mọ ọ̀nà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí wọ́n fi dí àlàfo nígbà yẹn ló ti di bárakú báyìí.

Ẹ jẹ́ n padà sídìí tábìlì ìdáná. Dókítà oníbúbà yẹn ń ka ọdún lórí ìka. Ọdún 6 ní yunifásítì, bí wọn ò bá yanṣẹ́ lódì. Ọdún 1 lẹ́nu iṣẹ́ àkọ́ṣe nílé ìwòsàn, tí wọn á lo oṣù mẹ́ta mẹ́ta ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ, ẹ̀ka ìṣègùn, ẹ̀ka ọmọdé àti ẹ̀ka aboyún. Ọdún 1 àgùnbánirọ̀. Lẹ́yìn náà ìdánwò ìwọlé, yálà ti West African College of Surgeons, tó bẹ̀rẹ̀ bí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ lọ́dún 1960, tàbí ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1979. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tó gbà ọ́ wọlé kọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an, ọdún 5 tàbí 6, ìdánwò sì wà láàárín, ìdánwò tún wà níparí. Ìka rẹ̀ tán. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọlé lọ́mọ ọdún 17,” ó ní, “bó bá yá jù, ẹ ó ti lé ní 30 kí wọ́n tó pè yín ní kọ́nsọ́tántì. Ẹ lọ sọ fún bàbá yín lónìí, kó má di ìjà lọ́la.”

Mo wo ojú ọmọ náà. Kò fà sẹ́yìn, àmọ́ ó kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni àyà mi já, torí èmi mọ iye tí èlùbọ́ ń mú wọlé.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí mo fi ń kọ àpilẹ̀kọ yìí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, wọ́n ṣí àyè ìbéèrè. Ní wọ́ọ̀dù, ọ̀gá ni kọ́nsọ́tántì. Bó bá ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń béèrè, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń dáhùn, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á fi ojú wo ilẹ̀. A ti tọ́ àwọn ọmọ wa dàgbà pé wọn kì í bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ta ló fẹ́ bi ọ̀jọ̀gbọ́n níwájú nọ́ọ̀sì pé, ẹ jọ̀ọ́ sà, ǹjẹ́ owó tí wọ́n ń san fún yín tó ó jẹ? Ṣùgbọ́n lójú fóònù, àpótí kékeré kan wà nísàlẹ̀ tí èèyàn lè tẹ ìbéèrè sí láìfi ojú hàn. Ìbéèrè rọ́ wọlé bí omi òjò. Ọ̀kan ní bóun bá rí ẹ̀jẹ̀, òòyì máa ń kọ́ òun, ṣé kóun wábi gbà? Ọ̀kan bèèrè ohun tí dókítà náà ṣe lọ́jọ́ tí aláìsàn kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọkùnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní òun lọ jókòó sínú ọkọ̀, òun ò lè fi kọ́kọ́rọ́ síbi tó yẹ.

Obìnrin oníṣẹ́ abẹ kan wà lórí ètò náà pẹ̀lú. Ẹni kan bi í bóyá obìnrin lè ṣe iṣẹ́ yìí kó sì bímọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ méjì lòun bí nígbà tóun ń kọ́ iṣẹ́ abẹ, pé kóun tó wá ìwé ìdánwò lòun ti wá ẹni tí yóò bá òun gbé ọmọ, àti pé ìyá ọkọ òun ló gba ìwé ẹ̀rí náà ju òun lọ.

Lẹ́yìn náà ni olùdarí ètò ka ìbéèrè kan jáde: “Òsì ni mò ń lò. Ṣé wọ́n lè gbà mí?”

Mo rí i pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó ṣánṣán. Òun ló bèèrè. Ọlọ́wọ́ òsì ni láti kékeré. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé Yorùbá: wọn kì í fi òsì kí àgbà, wọn kì í fi gba owó, wọn kì í fi júwe ilé bàbá. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí ti gbá ọwọ́ yẹn rí nídìí oúnjẹ, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó ti tó ọdún méjì tí ìbéèrè yẹn ti wà níkùn rẹ̀, kò sì rí ẹni bi. Obìnrin yẹn dá a lóhùn pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ inú tíátà fún, sísọ́ọ̀sì àti ẹ̀mú ìdẹ̀jẹ̀dúró pàápàá, torí náà ìbẹ̀rẹ̀ á le. Pé irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún ọlọ́wọ́ òsì wà. Àti pé ọ̀pọ̀ ọlọ́wọ́ òsì ló ń bọ̀ wá di ẹni tí ọwọ́ méjèèjì ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, èyí tó dáa nígbà tí egbò bá wà níbi kọ́lọ́fín. Ìdáhùn náà kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Bí wẹ́bínà kan kò bá fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ fún ìbéèrè, mi ò rí ohun tó fi sàn ju kásẹ́ẹ̀tì lọ. Mo ti bá ọmọ yìí jókòó ti mélòó kan láti ọjọ́ yẹn. Èyí tó burú jù ni èyí tí ọ̀gá kan ti ka ìwé tó kọ fún àpérò àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ogójì ìṣẹ́jú ọ̀fẹ́ tí Zoom ń fúnni sì pé, tí gbogbo wọn já bọ́ kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

Nǹkan mìíràn tún ń dùn mí. Bí ẹ bá bi àwọn ọmọ wọ̀nyí léèrè oníṣẹ́ abẹ tí wọ́n mọ̀, Ben Carson ti Amẹ́ríkà ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Kò burú. Ṣùgbọ́n Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, tí wọ́n bí lọ́dún 1927, tó kàwé ní Yunifásítì Howard, tó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan, tó wá kó ẹrù padà sí UCH Ìbàdàn lọ́dún 1962 nígbà tí kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan tó ń ṣe iṣẹ́ náà, mélòó ló mọ̀ ọ́n? Akéwì ni pẹ̀lú. Òun àti Adelola Adeloye ṣàpèjúwe kókó kan tó ń wà lórí àwùjẹ̀ ọmọdé láti inú oyún. Títí dòní orúkọ àwọn méjèèjì ni ìwé ìṣègùn fi ń pè é. Odeku kú lọ́dún 1974, kò tíì pé 50 ọdún. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ irú wọn ṣì wà láàyè, ó sì ní fóònù lọ́wọ́. Ìrọ̀lẹ́ kan tó láti gbọ́ ìtàn wọn lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ wa tó wà lókè òkun náà ní ipa. Oluyinka Olutoye, tó kàwé ìṣègùn ní Ifẹ̀, wà lára àwọn tó la ikùn aboyún kan ní Texas lọ́dún 2016, tí wọ́n yọ kókó kúrò lára ọmọ inú tí oyún rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23, tí wọ́n dá a padà sínú, tí ìyá sì bí i nígbà tó yá. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ á gbé ọmọ Ifẹ̀ dìde. Aago nìkan ló ń da wẹ́bínà tiwọn láàmú: àwọn Òyìnbó a máa yí aago wọn síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tiwa kì í yí, ó sì dá mi lójú pé lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ kan ń jókòó ti fóònù fún wákàtí kan kí olùbánisọ̀rọ̀ tó yọjú.

Àmọ́ mo ní ohun kan sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, tó wà nípò mínísítà ìlera lọ́dún 2025, sọ lọ́dún náà pé dókítà tó lé ní 16,000 ló ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Bó bá jẹ́ àwọn tó ti jápa nìkan ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ wa, ìdánwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti físà ni ìbéèrè yóò máa dá lé, mo sì ti rí i kó ṣẹlẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹni kan wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ṣakí tàbí ní Ìkàrẹ́, tí yóò sọ bí jẹnẹrétọ̀ ṣe kú nígbà tí ikùn aláìsàn wà ní lílà, àti ohun tó ṣe tí ẹni náà fi dìde.

Dátà wọ́n. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń bójú tó iṣẹ́ fóònù gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Wákàtí kan fídíò lè jẹ gígábáìtì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; ohùn nìkan kì í tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọmọ tálákà ń gbọ́ òun yóò pa fídíò tí kò pọn dandan, yóò gba ohùn sílẹ̀, yóò fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì ṣeé fọwọ́ sọ̀yà: ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, tí báńkì pàápàá dákẹ́.

Àwòrán aláìsàn ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ti jẹrà tí wọ́n gbé sójú fóònù fún 200 èèyàn wò, ẹsẹ̀ ìyá ẹnì kan ni. Òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023. Bí aláìsàn ò bá fọwọ́ sí i, kí wọ́n má ṣe fi hàn. Bó bá fọwọ́ sí i, kí wọ́n bo ojú àti orúkọ.

Wẹ́bínà ò lè kọ́ ọwọ́. Kò sí bí fóònù ṣe lè jẹ́ kí èèyàn mọ bí awọ ara ṣe ń ta ko abẹ́rẹ́, tàbí bí okùn ṣe ń já bí wọ́n bá fà á jù. Lọ́sẹ̀ kejì tí ọmọ náà padà sílé ẹ̀kọ́, mo fẹ́ ti àga ìdáná mi síbòmíràn, mo rí i pé òwú dúdú lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kókó lórí kókó, ó lé ní ogún. Ó ti ń fi ẹsẹ̀ àga kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta kókó, pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró tì í lọ́jọ́ kan ní tíátà kó wò ó bóyá kókó náà dì.

Ẹ̀yin dókítà oníṣẹ́ abẹ tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé gan-an ni mò ń bá wí. Ẹ pe ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó súnmọ́ yín, kí ẹ fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan. Bí ẹ bá ráyè kejì, ẹ fún àwọn ọmọ SS2 tí kò tíì kúrò ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ má kọ ìwé gígùn wá. Ẹ sọ ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún ìbéèrè, kí ẹ sì dúró títí ìbéèrè ó fi tán.